Orí Kẹfà: Alárinà fún Èrò Tí Kò Pọ̀

Nígbà tí Sony gbé PSP jáde ní Japan lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2004, rédíò Wi-Fi kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ lọ́nà méjì. Ó lè bá ráútà inú ilé sọ̀rọ̀, kó gba ibẹ̀ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì lè pa ráútà tì pátápátá, kó máa bá PSP míì tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ tààrà. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n ń pè ní ad hoc. Ẹ̀rọ mẹ́rìndínlógún lè jọ wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gba owó dátà, kò gba àkáǹtì, kò sì sí ẹni tí èèyàn máa tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbà ni pé kí àwọn tó fẹ́ jọ gbá géèmù wà nínú yàrá kan náà.

Ní Japan, yàrá kan náà kò ṣòroó rí. Oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni Capcom gbé Monster Hunter Portable jáde fún PSP. Géèmù ọdẹ ni. Ọdẹ mẹ́rin á kó ohun ìjà, wọ́n á wọ igbó, wọ́n á sì dojú kọ ẹranko abàmì kan tó lè dá wọn lágara fún ìdajì wákàtí kó tó ṣubú. Èèyàn lè dá a gbá, ṣùgbọ́n àwọn ẹranko tó le jù níbẹ̀, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ dè. Nígbà tí Monster Hunter Portable 2nd G fi máa jáde ní ọdún 2008, àwọn ọmọ ilé ìwé àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti sọ ilé kọfí àti ilé oúnjẹ di ibi ìpàdé ọdẹ. Ní ìlú tó kún bíi Tókíò, ìwọ ṣáà jókòó, yọ PSP rẹ síta, ẹlòmíì á yọ tirẹ̀.

Ẹ wá gbé géèmù kan náà lọ sí ìlú kékeré kan ní Poland tàbí ní Brazil. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan péré ló ní in ní gbogbo àdúgbò. Kò sì sí ọ̀nà kankan nínú géèmù yẹn láti bá ẹlòmíì ṣọdẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ad hoc nìkan ló wà. Bí ọ̀pọ̀ géèmù PSP ṣe rí nìyẹn. Tekken: Dark Resurrection tó jáde ní 2006 náà kò yàtọ̀: ẹni tó fẹ́ bá ẹlòmíì jà nínú rẹ̀ ní láti wà nítòsí onítọ̀hún.

Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń gbá àwọn géèmù yìí, wọ́n sì wà káàkiri ayé. Wọn kò pọ̀, wọ́n jìnnà síra wọn, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sì ti gba ibòmíì lọ. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni ti ẹ̀rọ: kí PSP tó wà ní Warsaw gbà pé PSP tó wà ní São Paulo wà nínú yàrá òun. Èkejì ni ti èèyàn: kí ẹni méjèèjì wà níbẹ̀ lákòókò kan náà, kí wọ́n sì fẹ́ ohun kan náà. Àwọn tó gbọ́n nínú kọ̀ǹpútà fẹ́ràn iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun sì ni wọ́n máa ń parí. Èrò tèmi ni pé èkejì ló ń pa irú ẹgbẹ́ báyìí, ibẹ̀ ló sì yẹ ká fi agbára sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ti ẹ̀rọ kọjá, nítorí ó ní ẹwà tirẹ̀.

Bí yàrá kan ṣe ń gbòòrò

Nígbà tí ọdẹ kan bá wọ gbọ̀ngàn ìpàdé nínú Monster Hunter, PSP rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kéde nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi láptọ́ọ̀pù wá Wi-Fi nítòsí ibẹ̀ á rí orúkọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PSP_, tí kóòdù géèmù náà sì tẹ̀ lé e. PSP kejì tí ó wà nínú géèmù kan náà á yẹ inú afẹ́fẹ́ wò, á rí orúkọ yẹn, á sì wọlé. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tí ọdẹ kan bá ṣe, bó sáré ni o, bó gbé idà sókè ni o, á di ègé dátà kékeré kan tó ń lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Nínú ègé dátà kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà MAC, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, ti ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tó máa gbà á wà. Kò sí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀, nítorí àwọn tó ṣe é kò rò ó rí pé ó máa jáde kúrò nínú yàrá.

Ohun tí sọ́fíwéà bíi XLink Kai wá ṣe nìyí. Kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí PSP á fi káàdì Wi-Fi tirẹ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì PSP náà, á sì máa fetí sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ níbẹ̀. Ègé dátà tó bá gbọ́, kò ní ka inú rẹ̀, kò sì ní tún un ṣe. Odindi rẹ̀ ni á dì sínú pákẹ́ẹ̀tì UDP (oríṣi ìdì dátà kan ti íntánẹ́ẹ̀tì), á fi ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì sí kọ̀ǹpútà kejì ní ìlú mìíràn, èyí á tú u, á sì sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. PSP ti ọ̀hún á gbọ́ ọ, á wo nọ́ńbà MAC, á sì dáhùn bí ẹni pé ẹnìkejì rẹ̀ jókòó sórí àga tó dojú kọ ọ́. Sony fúnra wọn ṣe irú rẹ̀ kan ní Japan ní 2008, wọ́n pè é ní Ad Hoc Party: PlayStation 3 tí wáyà so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì á fi Wi-Fi rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ PSP, á sì gbé e kọjá.

Ọ̀nà kejì, tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀ lóde òní, kò tiẹ̀ nílò rédíò PSP mọ́. PPSSPP, ètò tí Henrik Rydgård bẹ̀rẹ̀, tó sì jáde ní 2012, ń mú kí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe bíi PSP. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, orí fóònù Android ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti mọ géèmù PSP, pàápàá bọ́ọ̀lù. Bí géèmù inú rẹ̀ bá ní kóun lo ad hoc, PPSSPP á gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Á kàn sí sáfà kan lórí pọ́ọ̀tù 27312, á sọ pé: orúkọ mi nìyí, MAC mi nìyí, géèmù tí mo wà nìyí, ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ wọ̀ nìyí. Sáfà á fi àdírẹ́sì rẹ̀ han àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, á sì fi tiwọn hàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Alárinà ni, kì í bá wọn wọ igbó. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n háyà lóṣooṣù fi lè sin ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn láìmí hẹlẹ.

Ẹ̀yin tó ní fóònù méjì nínú ilé lè rí i pẹ̀lú ojú yín. Ẹ tan hotspot sórí ọ̀kan, ẹ so èkejì mọ́ ọn, ẹ wọ ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì PPSSPP, ẹ ní kí fóònù àkọ́kọ́ ṣe sáfà fúnra rẹ̀, kí ẹ wá tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú àwọn méjèèjì. Lórí ọ̀pọ̀ Android àtijọ́, 192.168.43.1 ni àdírẹ́sì náà. Ẹ ṣí géèmù kan náà lórí méjèèjì, wọ́n á rí ara wọn. Kò ná yín ní dátà kankan.

Ẹni tí àjèjì kò lè kàn sí

Láàárín ìlú sí ìlú, ìṣòro á dé. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì irú ti àtijọ́, IPv4, jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ péré. Ẹ̀rọ tó wà láyé ti ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nítorí náà, àwọn oníléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo sin ọ̀pọ̀ oníbàárà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n tiẹ̀ ya àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó wà lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ lè kàn sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àjèjì kò lè kọ́kọ́ kàn sí i, nítorí ráútà kò mọ èwo nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni àlejò náà ń bèèrè. Bí ẹni méjì bá wá wà ní irú ipò yìí, tí kálukú ń dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ kàn sí òun, wọn kò ní pàdé.

Ìdáhùn rẹ̀ ni kí àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì á kàn sí sáfà alárinà, sáfà á sì rí àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù tí ọ̀rọ̀ kálukú gbà jáde. Á sọ ti èyí fún ìyẹn, á sọ ti ìyẹn fún èyí. Wọ́n á wá ránṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ráútà ti apá ìhín á rí ọ̀rọ̀ tó ń wọlé bọ̀, á sì rò pé èsì ohun tí onílé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ ni. Á jẹ́ kó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ti apá ọ̀hún. Ní 2005, Bryan Ford, Pyda Srisuresh àti Dan Kegel dán ọgbọ́n yìí wò lára oríṣiríṣi ráútà, wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ lórí nǹkan bí 82 nínú 100 fún UDP.

Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n nílò sáfà tó máa gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, tí á sì máa tì í síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin rẹ̀. Èyí máa ń jẹ dátà, ẹgbẹ́ ni yóò sì san owó rẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n san án. Àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù nìkan ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ilẹ̀kùn ń sé mọ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà àti ní ọ̀pọ̀ apá Éṣíà, àwọn ló pọ̀ jù.

Ohun kan wà tó yẹ kí olùṣètò ẹgbẹ́ sọ fún àwọn òbí láìfi bò. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, ẹnìkejì lè rí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ. Kò sọ nọ́ńbà ilé, ṣùgbọ́n ó lè fi ìlú hàn, àti ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún un. Fún àwọn ọmọdé, sáfà tó ń gba ọ̀rọ̀ kọjá ló dára jù, àní bó tilẹ̀ ń fa eré sẹ́yìn díẹ̀.

Jíjìnnà kò ṣeé tún ṣe

Ìmọ́lẹ̀ nínú okùn gíláàsì tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti London dé New York jẹ́ nǹkan bí 5,570 kìlómítà. Bí okùn bá lọ tààrà, tí ẹ̀rọ kankan kò sì dá a dúró lọ́nà, àlọ nìkan á gba mílísẹ́kọ̀ǹdù 28, àlọ àti àbọ̀ á gba 56. Ti London sí Tókíò á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100. Kò sí owó tó lè dín in kù sí i.

Géèmù ìjà bíi Tekken ń yí àwòrán rẹ̀ padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn nǹkan bíi mílísẹ́kọ̀ǹdù 17 fún àwòrán kan. Ẹni tó bá ta ẹ̀ṣẹ́ láti London, àwòrán bíi méjì á ti kọjá kí ẹni tó wà ní New York tó mọ̀. Géèmù tí wọ́n ṣe fún yàrá kan náà kò mọ ohun tí yóò fi ìdúró yìí ṣe. Á kàn máa dúró de ìròyìn, eré á sì wúwo lọ́wọ́. Ní 2006, Tony Cannon gbé GGPO jáde, ọgbọ́n kan tó ń jẹ́ kí géèmù méfò ohun tí ẹnìkejì máa ṣe, kó máa bá eré lọ, bí ohun tó méfò bá sì tàsé, kó yára padà sẹ́yìn láti tún un ṣe. Ọgbọ́n tó wúlò gan-an ni. Àmọ́ inú géèmù ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó ń gbé ègé dátà láti yàrá kan dé òmíràn kò lè fi í kún un láti ìta.

Monster Hunter ní ìfaradà ju èyí lọ, nítorí ẹranko ni ọ̀tá gbogbo wọn, kì í ṣe ara wọn. Bí ọdẹ kejì bá fara hàn díẹ̀ sí apá òsì ibi tó wà ní ti gidi, ìpalára kò pọ̀. Nítorí náà, olùṣètò tó gbọ́n kò ní fi òfin kan náà de gbogbo géèmù. Fún ìjà, kó pààlà sí agbègbè kan. Fún ọdẹ, kó jẹ́ kí Amẹ́ríkà bá Yúróòpù wọgbó.

Gbọ̀ngàn tó ṣófo

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 120, èyí tó pọ̀ fún géèmù tó ti dàgbà. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń gbá géèmù fún wákàtí kan lójúmọ́, nígbàkígbà tó bá wù ú, tí wọ́n sì wà káàkiri ayé tó fi jẹ́ pé òru ẹnì kan ni ọ̀sán ẹlòmíì. Ní 1961, John Little, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ìtò èèyàn, fi ìdí ìṣirò kan múlẹ̀: iye èèyàn tó wà níbì kan ní ìpíndọ́gba jẹ́ iye tó ń wọlé ní wákàtí kan, ní ìlọ́po wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò. Èèyàn 120 láàárín wákàtí 24, márùn-ún ń wọlé ní wákàtí kan, kálukú lo wákàtí kan. Márùn-ún ló wà níbẹ̀ nígbàkígbà. Kò burú, a ó rí ọdẹ mẹ́rin.

Àmọ́ olùṣètò kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ètò tó ń ṣa èèyàn, ó sì fẹ́ ní irú rẹ̀. Ó pín wọn sí géèmù mẹ́ta. Ó tún pín wọn sí agbègbè méjì. Ọ̀nà mẹ́fà ti dé, èèyàn 20 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tó sì wà níbẹ̀ nígbàkígbà ti di 0.83. Bí a bá fi ìṣirò ìṣeéṣe wò ó, ẹni tó bá wọlé á bá gbọ̀ngàn lófìfo ní nǹkan bí ìgbà 43 nínú 100. Pé kó bá èèyàn mẹ́ta níbẹ̀ tó máa sọ wọ́n di mẹ́rin, kò ju ìgbà márùn-ún nínú 100 lọ. Síbẹ̀, kò tíì pín wọn sí ọ̀ta àti ọ̀pẹ.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ẹni tó bá gbọ̀ngàn lófìfo kì í jókòó dúró. Á wo ojú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á pa á, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà á bá òfìfo. Ẹni méjì tí ń wá ara wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, kálukú sì gbà pé ẹgbẹ́ náà ti kú. Sáfà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí pákẹ́ẹ̀tì kan tó sọnù.

Àwọn baba ńlá wa ti rí irú ìṣòro yìí lójú ọjà. Ìlú tí èrò rẹ̀ kò tó láti gbé ọjà ojoojúmọ́ kì í ná an lójoojúmọ́. Ọjà ọrọọrún ni wọ́n ń ná. Alátà mọ ọjọ́ tí yóò bá aláṣọ níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà mọ ọjọ́ tí ìrìn rẹ̀ kò ní já sí asán, àwọn ìlú tó wà nítòsí ara wọn sì ń ṣètò ọjọ́ wọn kí ọjà méjì má bàa forí gbárí. Èrò kò pọ̀ sí i. Wọ́n kàn kó wọn jọ sí ọjọ́ kan ni.

Ẹ padà sí ìṣirò wa. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mẹ́fà náà, tó ní èèyàn 20. Ẹ fi wákàtí méjì lálẹ́ Sátidé ṣe àkókò ìpàdé. Ká tiẹ̀ ní ìdajì wọn, èèyàn 10 péré, ló wá, tí kálukú sì lo wákàtí kan. Márùn-ún ń wọlé ní wákàtí kan. Márùn-ún ló wà níbẹ̀ nígbàkígbà. Láti 0.83 a ti bọ́ sí 5 láìfi ẹyọ ọmọ ẹgbẹ́ kan kún wọn, láìfọwọ́ kan sáfà.

Àkókò wo ni kó jẹ́? Nígbà òtútù, agogo mẹ́jọ alẹ́ ní London jẹ́ agogo mẹ́ta ọ̀sán ní New York, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní São Paulo, mẹ́sàn-án alẹ́ ní Èkó. Gbogbo wọn lè wá. Ní Tókíò, agogo márùn-ún òwúrọ̀ Sunday ni, nítorí náà àwọn ará Éṣíà nílò ọjọ́ tiwọn. Ẹ kọ àkókò náà sílẹ̀ ní UTC, aago àpapọ̀ àgbáyé, kí ẹ má fi agogo ìlú kankan ṣe òdiwọ̀n. Amẹ́ríkà ń yí aago wọn síwájú ní Sunday kejì oṣù Kẹta, Yúróòpù ń yí tiwọn ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹn, wákàtí kan ni àwọn apá méjèèjì fi ń tàsé ara wọn, àwọn tí kò mọ̀ á sì tún sọ pé ẹgbẹ́ ti tú.

Thomas Schelling, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005, bèèrè ìbéèrè kan nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1960, The Strategy of Conflict. Bí o bá ní láti pàdé ẹnì kan ní New York, tí ẹ kò sì lè bá ara yín sọ̀rọ̀ ṣáájú, níbo ni wàá lọ, ní agogo mélòó? Púpọ̀ nínú àwọn tó bèèrè lọ́wọ́ wọn mú ibùdókọ̀ ojú irin Grand Central, agogo méjìlá ọ̀sán. Kò sí ẹni tó bá wọn ṣàdéhùn. Ohun tí kálukú rò ni pé ibi tó hàn gbangba jù ni ẹnìkejì náà máa rò. Ní Tókíò, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Dragon Quest IX jáde fún Nintendo DS ní oṣù Keje ọdún 2009. Géèmù náà ń jẹ́ kí DS méjì tó bá kọjá lára ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀ máàpù ìṣúra, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí ibi ṣọ́ọ̀bù Yodobashi Camera ní Akihabara, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí àwọn yòókù. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní yàrá ogún lórí sáfà, ẹ pa mọ́kàndínlógún. Kí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé má ṣe ṣiyè méjì nípa ibi tó máa jókòó.

Ẹ fi ìpè kún un. Ẹni tó wọlé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé, kí ó lè tẹ bọ́tìnnì kan pé òun wà níbí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ìròyìn rẹ̀ sì dé orí WhatsApp tàbí Discord ẹgbẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi orúkọ sílẹ̀ yẹn, ó wà nínú gbọ̀ngàn bó tilẹ̀ ń fọ abọ́.

Ọ̀ta àti ọ̀pẹ

Arpad Elo, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Hungary tó gbé ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn agbára àwọn tó ń ta chess. FIDE, àjọ chess àgbáyé, gbà á ní 1970. Bí ẹnì kan bá fi 200 ju ẹnìkejì lọ, a retí kó gba bí 76 nínú 100 àmì tó wà nílẹ̀. Nínú géèmù tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n lè fi èyí wá ẹni tó bá ọ dọ́gba fún ọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú ẹgbẹ́ èèyàn 20, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máà sí níbẹ̀. Kí nọ́ńbà náà wà, kí èèyàn máa fi rí bí òun ṣe ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kí ó má dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú Monster Hunter, ohun tó ń lé ọ̀pẹ sá ṣe pàtó. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹgbẹ́ ọdẹ lè dákú nínú iṣẹ́ kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì jọ ni ẹ̀ẹ̀mẹta náà. Ọ̀pẹ kan lè dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí iṣẹ́ gbogbo wọn bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í bú u ní gbangba. Wọ́n kàn ń rọra jáde kúrò nínú yàrá tó bá wọ̀. Ohun tó wo èyí sàn ni kí wákàtí àkọ́kọ́ ìpàdé jẹ́ ti iṣẹ́ tó rọrùn, kí ọ̀ta méjì ti yọ̀ǹda ara wọn ṣáájú, kí ọ̀kan nínú wọn sì wọ ìhámọ́ra tó ní Wide-Area, agbára tó ń jẹ́ kí oògùn tó bá mu wo gbogbo ẹgbẹ́ sàn. Ọ̀pẹ náà á rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń gòkè padà láìmọ ẹni tó ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹni tó ni sáfà bá lọ

Oṣù Kọkànlá ọdún 2005 ni Nintendo bẹ̀rẹ̀ ètò íntánẹ́ẹ̀tì fún DS pẹ̀lú Mario Kart DS. Ilé iṣẹ́ GameSpy ló ń ṣe alárinà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí GameSpy fẹ́ kógbá sílé, Nintendo pa ètò náà lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, àìmọye géèmù sì di odi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, àwọn olólùfẹ́ Mario Kart Wii ti gbé Wiimmfi jáde, sáfà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, tó wá di ibi tí àwọn géèmù DS náà ń lọ. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó kan 3DS, ẹ̀rọ tó rọ́pò DS.

Ẹni tó bá fẹ́ lo DS lónìí á bá ìṣòro mìíràn pàdé: WEP nìkan ni àwọn géèmù DS mọ̀ nínú ààbò Wi-Fi, WEP sì ti fọ́ láti 2001. Ẹ má sọ ráútà ilé yín di WEP nítorí géèmù. Ẹ tan hotspot ọ̀tọ̀ tí nǹkan míì kò sí lórí rẹ̀, kí ẹ pa á bí eré bá parí.

Ti PSP rọrùn ju èyí lọ, nítorí àdírẹ́sì sáfà jẹ́ ìlà kan tí ẹni tó ń gbá géèmù ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú PPSSPP. Ẹ ra orúkọ domain kan, òun ni kí ẹ fún àwọn èèyàn, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà lásán. Bí kọ̀ǹpútà tí ẹ háyà bá kú lóru, ẹ lè gbé sáfà sí òmíràn, kí ẹ yí ibi tí orúkọ náà ń tọ́ka sí padà, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó máa tún nǹkan kan tẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà domain náà wà lọ́wọ́ èèyàn méjì ó kéré tán, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan sì kọ ọjọ́ tí owó ọdún rẹ̀ máa pé síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lè rí i.